Ibi Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Abúlé Ìdí-Ìyeyè,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún 1991.

Ràbíátù Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé o jí ire, ṣé ẹsẹ̀ tó wú ti fà, ṣé ọmọ inú ń tàpá dáadáa? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ẹkún nílé rẹ, oúnjẹ ni kí ó bá lẹ́nu rẹ, àti ẹ̀rín. Bàbá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ ń kí ọ, ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé ń kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé ṣálì òun. Tábà ti wà nínú abà, ó ń gbẹ, òjò sì ti ń dá díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú tí o fi sílẹ̀ bí méjì, ara ìyá le, ara ọmọ le. Bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ yóò rí, bí Ìyá Tájù, ìyá ọkọ rẹ, fẹ́, bí Ìyá Tájù kọ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí fọ́tò tó wà nínú rẹ̀. O ní ọkùnrin kan ní ọsibítù yín ní Àpápá ní kí o nà gbalaja, ó fi nǹkan tútù kan pa ọ́ níkùn bí ẹni fi òrí para, ó ń yí ẹ̀rọ kékeré kan lé e lórí, ó sì ya fọ́tò ọmọ náà láìtíì bí i. Ràbíátù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ya fọ́tò láyé mi, nígbà kọ̀ọ̀kan ni fọtogiráfà ń sọ fún wa lọ́sẹ̀ kan ṣáájú kí a lè wẹ̀ kí a sì dirun. Ta ló kìlọ̀ fún ọmọ yẹn? Wọ́n bá a ní ìhòòhò, kò gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ rí bí oko tí ọyẹ́ bò. Mo wò ó lóòró, mo wò ó ní ìbú, mo dorí rẹ̀ kodò. Bàbá rẹ ní orí màlúù ni òun rí níbẹ̀, mo sì ní kí ó lọ bọ́jú. Mo gbà pé fíìmù jóná mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́ ni, kí Tájù lọ bá a kí ó tún un yà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ tẹ̀lé e ló gbé ẹ̀mí mi sókè. O ní ẹ̀jẹ̀ ṣàdédé wá lára rẹ láìsí ìrora kankan, pé Ufuoma tí ẹ jọ ń gbé ojúlé kan náà ní Ajégúnlẹ̀ ló rí i lára ìró rẹ tó sì fi tipátipá mú ọ lọ sí Àpápá, àti pé nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ifeoma wo fọ́tò náà tán, ó mi orí, ó ní ibi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi wà lẹ́nu ọ̀nà! Ta ni yóò ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dúró nílẹ̀?

Mo figbe ta, bàbá rẹ mú àdá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wa láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi wọ̀, ó ń wo títì bóyá ibi náà yóò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kí ó tó dé Èkó. Alfa wa wá, ó ka Yásíìnì, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni ibi dúró sí, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa má ṣe gba ẹnu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ràbíátù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èmi ìyá ọlọ́mọ méje ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí mò ń gba ojú fèrèsé jáde. Ìró mi méjì ló ya mọ́ ìṣó. Bàbá rẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì rẹ̀ wà nínú ilé, ìdajì wà níta, kò lè lọ, kò lè bọ̀, àwọn ọmọ ilé kéwú tó ń kọjá sì ń kí i pé ẹ kú ìjókòó. Ewúrẹ́ nìkan ló ń gba ẹnu ọ̀nà, nǹkan kan kò sì ṣe é. Ìgbà tí mo rí ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ní ọjọ́ kẹrin mo di fọ́tò àti lẹ́tà rẹ mọ́ ìdí ìró, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ìjọba nínú ìlú. Agbẹ̀bí àgbà kan wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun, gbogbo nọ́ọ̀sì ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó na fọ́tò sí ojú iná, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Nọ́ọ̀sì Ifeoma dé orí fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ó tún fọ́tò wò, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kì í ṣe ibi tí à ń sá fún ni nọ́ọ̀sì ń wí. Ibi ọmọ ni, èyí tó máa ń jáde lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wálẹ̀, tí àwa níbí ń pè ní èkejì ọmọ kí á má baà máa fi ẹnu ara wa pe ibi. Nọ́ọ̀sì yẹn, ọmọ Ìbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ ni, o ní Yorùbá rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń daṣọ bo ọ̀rọ̀.

Agbẹ̀bí ní òkè ló yẹ kí èkejì ọmọ so mọ́, ṣùgbọ́n tìrẹ sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà jáde. Bí ìrọbí bá mú ọ, tí ẹnu ọ̀nà sì ń ṣí, òun ni yóò kọ́kọ́ ya, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dà kí ọmọ tó gbé ẹsẹ̀. Ó ní kò sí àgbo tó ń lé e, kò sí ọwọ́ tó ń tì í, àti pé láyé àtijọ́ a kì í mọ̀ àfi ìgbà tí ẹ̀pa kò bá bóró mọ́. Fọ́tò tí mò ń bú yẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí i ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí dókítà yín fi sọ̀rọ̀ abẹ, wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ gba ọ̀nà mìíràn. Mo ní ṣé pé ojú fèrèsé ni ọmọ yóò gbà. Ó wò mí, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo ní kí ló dé tí kò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìta ni mo rántí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo sunkún bí ọmọdé. O kò mọ Túnbọ̀sún àbúrò mi, oyún rẹ pé oṣù mẹ́rin nínú mi nígbà tó kú. Bí tìrẹ gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìrọbí dé, èkejì ọmọ ló kọ́kọ́ yọjú. Orí ẹní ni, èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń sọ fún mi pé òtútù ń mú òun, oòrùn sì ń ràn lóde. Wọ́n ní ìyáálé rẹ̀ ló ṣe é. Wọ́n lé obìnrin náà jáde pẹ̀lú ẹrù lórí, èmi sì wà lára àwọn tó sọ òkò lù ú. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mi ò fi kí i. Kò sí ẹni tó ṣe é, Ràbíátù. Èkejì ọmọ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè fi rí i. Mo lọ sí oko ibi tí obìnrin náà ń gbé lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ fún un, ó ń ro oko rẹ̀ lọ. Mo máa padà lọ.

Nítorí náà inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, kí o sì kà á sókè ketekete níwájú Ìyá Tájù. Àna mi ni wọ́n, ìyá ọkọ rẹ ni wọ́n, mo máa bọ̀wọ̀ fún wọn títí lẹ́tà yìí yóò fi parí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má rò pé ẹ̀rù wọn ló ń bà mí. O ní láti ọjọ́ tí àwọn náà ti gbọ́ pé ibi wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu ọ̀nà yàrá yín láàárọ̀ àti lálẹ́, tí gbogbo ojúlé fi ń yọ̀ ṣubú. Èmi tí mo gba fèrèsé ọjọ́ mẹ́ta kò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kò sí ìyàwó Oyèwọlé kan tí ọ̀bẹ kàn rí, àti pé tó bá di Sátidé tó ń bọ̀ yìí àwọn yóò mú ọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marine Beach lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní òdìkejì omi, tó ń gbẹ̀bí láìfọwọ́ kan ènìyàn. Sọ fún wọn pé èmi Sìkírátù ìyá rẹ ní irọ́ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé láàárín omi ńkọ́, ṣé ẹja ni yóò gbẹ̀bí rẹ? Obìnrin tí kì í fọwọ́ kan ènìyàn, kí ni yóò fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ṣé ojú ni?

O ní Ufuoma bi wọ́n pé Mama, na you carry the belle? Mo ní kí Tíṣà Oyèníran tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àgbà túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní ó ń bi wọ́n bóyá àwọn ló lóyún náà ni. Kí Ọlọ́run bù kún Ufuoma. Ẹ̀sìn wa kò pa pọ̀, èdè wa kò pa pọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dé Ajégúnlẹ̀ òun ni mo máa kọ́kọ́ dì mọ́.

Wọ́n ti ń sọ níbí pé mi ò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá rẹ pàápàá sọ ọ́, ó ní ọmọ tí a bá ti fi fọ́kọ, ilé ọkọ ló ni í, kí a fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní mo ti fi lé E lọ́wọ́, Òun náà ló sì dá ẹni tó ni ẹ̀rọ fọ́tò. Ìyàwó ni mo fún àwọn Oyèwọlé. Mi ò fún wọn ní òkú. Bàbá rẹ gbé àga rẹ̀ lọ bá ewúrẹ́ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì gbádùn àyè náà.

Ti Tájù ló ń dùn mí. O ní ó kọ̀, kò sáìnì ìwé iṣẹ́ abẹ nítorí pé ìyá rẹ̀ ń sunkún. Bá mi bi í léèrè ohun kan. Ní gáréèjì tirélà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Creek Road, ṣebí ojoojúmọ́ ló ń sáìnì wébíìlì, ìwé ẹrù? Ó ń sáìnì gba símẹ́ǹtì ẹni ẹlẹ́ni, ó ń sáìnì gba ìrẹsì, ó ń sáìnì gba pánlá. Ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń fi orúkọ rẹ̀ dúró fún. Tirẹ̀ wá dé, ó ń sá fún bírò. Ọmọ dáadáa ni, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ló ń bà á, ṣùgbọ́n kí ó máa bẹ̀rù lọ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló kù. O ní ọsibítù fẹ́ kí ènìyàn méjì fi ẹ̀jẹ̀ sí báǹkì dè ọ́ kí wọ́n tó là ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé Tájù ti fi tirẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọn àbúrò rẹ̀, iṣẹ́ gbé gbogbo wọn lọ sí Ìbàdàn lójijì. Èmi mọ báǹkì. Bí ilé iṣẹ́ tábà bá san owó wa ní Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn la ti ń gbà á. Nítorí náà mo padà sí ọsibítù ìlú, mo ká apá bùbá sókè, mo ní mo wá fi ẹ̀jẹ̀ sí àkáǹtì Ràbíátù Oyèwọlé ní Àpápá, kí wọ́n kọ ọ́ sí páásìbúùkù fún mi. Akọ̀wé wọn ní àwọn kò ní ẹ̀ka ní Àpápá. Mo ní irú báǹkì wo nìyẹn, tí ẹni bá fi ẹ̀jẹ̀ síbí tí kò lè jáde lọ́hùn-ún. Agbẹ̀bí mi ló yọ sí wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í gba ìwé rìn, inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, kì í pẹ́ bàjẹ́, ẹni tó bá fẹ́ fún ọ ní ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé apá rẹ̀ wá sí Àpápá fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà yẹ tèmi wò ná.

Wọ́n gún mi níka, ẹ̀kán kan péré ni wọ́n mú, mo bi wọ́n bóyá aláǹgbá ni ọmọ mi. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n fún mi ní káàdì. Ràbíátù, òdo ni wọ́n fún mi! Òdo rògòdò, pẹ̀lú àmì àròpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti gba òdo rí lọ́wọ́ Tíṣà Oyèníran nítorí ìṣirò, mo sì gbà, ọjọ́ yẹn mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí mo fi bí ọmọ méje, kí ọmọ kékeré kan wọ aṣọ funfun kó fún un ní òdo! Mo ní kí wọ́n tún un kà. Mo ní bó bá jẹ́ àròpọ̀ ni wọ́n ń ṣe, òdo àti èló, kí wọ́n parí rẹ̀ lójú mi. Gbogbo aláìsàn dìde wò wá. Agbẹ̀bí fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kì í ṣe òdo, lẹ́tà O ni, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n fi ń dárúkọ. Ó ní ẹni tó bá ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí, ẹni tó jẹ́ irú rẹ̀ nìkan ló lè fún un ní ẹ̀jẹ̀, ó sì bi mí pé ẹ̀yà wo ni ẹ̀jẹ̀ tìrẹ. Mo na lẹ́tà rẹ sí i. Ó fi ìka hàn mí níbi tí o kọ ọ́ sí, mo ti rò pé bírò ló ń dánwò lọ́wọ́ rẹ. Òdo ni wọ́n fún ìwọ náà, àti àmì àròpọ̀. Ọ̀dọ̀ mi lo ti gbà á, ọmọ mi.

Nítorí náà mò ń bọ̀. Láti ìjẹta ni mo ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bí agbẹ̀bí ṣe ní kí n jẹ, bàbá rẹ ní mò ń jẹ oúnjẹ àwọn ọlọ́lá. Dẹ́rẹ́bà lọ́ọ̀rì tábà ló ń mú lẹ́tà yìí lọ lónìí, èmi fúnra mi yóò wọ èyí tó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ìjọra ni mo máa bọ́ sí. Kí Tájù fúnra rẹ̀ dúró dè mí lábẹ́ bíríìjì, kí ó má rán ẹnikẹ́ni, nítorí ìgbà tí mo wá níjọsí, ènìyàn mẹ́ta ló ní àwọn ni Tájù. Owó àlọ wà lọ́wọ́ mi. Owó àbọ̀ ni kí ó máa wá sílẹ̀, àti owó mílíìkì pẹ̀lú mílò, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ mu ún lẹ́yìn tí a bá fa ẹ̀jẹ̀, ojú kò sì ní tì mí láti gbà á.

Títí n óò fi dé, má gun ọkọ̀ ojú omi, má gbé garawa, má dá nìkan wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, bí ó tilẹ̀ ṣe ẹ̀kán kan, kan ògiri Ufuoma kí ẹ máa lọ sí Àpápá, ẹ má dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Tájù bá sáìnì, kí Ọlọ́run fún un ní ọmọ tí yóò sin ín. Bí kò bá sáìnì, agbẹ̀bí ní ìwọ tí o ni ara rẹ lè sáìnì lé e lórí. O kàwé mẹ́fà yanjú, gba bírò.

Ọlọ́run kò ní sọ ọ́ di ẹni à ń fi omijé rántí. O ó bí i, o ó gbé e, o ó fún un lọ́mú, o ó bá a wí, o ó sì dàgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ yóò máa sú u. Àmín, Àmín, Àmín.

Bí wọ́n bá sì ní ọwọ́ aboyún nìkan kò tó lórí ìwé wọn, kí wọ́n gé èyí tó bá wù wọ́n nínú àwọn orúkọ tí mo sáìnì sísàlẹ̀ yìí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo kọ gbogbo wọn, kò sí ẹni tó bá mi di ọwọ́ mú.

Sìkírátù.

Sìkírátù Àjọkẹ́.

Sìkírátù Àjọkẹ́, ìyá Ràbíátù.

Sìkírátù Àjọkẹ́, ìyá Ràbíátù tí kò ní kú.